Ìtọ́jú àti Àtúnṣe Ọkọ̀ Ojú Omi Alumíníọ̀mù Tí Ó Ti Pẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń ta ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi fẹ́ràn láti máa sọ fún oníbàárà: "Alumíníọ̀mù ni, kì í dógùn-ún." Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin dúdú ṣe ń pọ́n nígbà tí omi bá kàn án; ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà bàjẹ́, ọ̀nà náà sì pamọ́ ju ti irin dúdú lọ. Irin tí ó dógùn-ún a máa ké gbàjarè sí olówó rẹ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ àwọ̀ pupa rẹ̀. Alumíníọ̀mù a máa dákẹ́, a sì máa dán lójú, títí di ọjọ́ tí omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láàrin ọ̀sà tí èrò wà nínú ọkọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé lọ́sẹ̀ yìí nípa bí a ti ń mọ àìsàn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ti ń dá a dúró, àti bí a ti ń tún un ṣe kí owó àti ẹ̀mí má baà ṣòfò.

IRÚ ỌKỌ̀ TÍ À Ń SỌ

Ọkọ̀ tí à ń sọ kì í ṣe ọkọ̀ àjẹ̀, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ìpẹja kékeré. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, tí ó ní yàrá níwájú tí ènìyàn lè sùn sí, tí ó sì ní òrùlé lórí ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Púpọ̀ nínú wọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 40. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní àwọn ọdún 1960, 1970 àti 1980. Ọ̀kan nínú èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni Marinette, tí wọ́n kàn nígbà náà ní ìlú Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky, létí odò Ohio.

Ìdí tí wọ́n fi yan alumíníọ̀mù kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1886 ni Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé, tí ọ̀kan kò mọ̀ pé èkejì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, rí ọ̀nà tí a lè gbà fi agbára iná mànàmáná yọ alumíníọ̀mù jáde ní owó tí kò pọ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, nǹkan olówó iyebíye ni. Bí a bá gé irin dúdú àti alumíníọ̀mù ní ìwọ̀n kan náà, ti alumíníọ̀mù kò wúwo ju ìdá mẹ́ta ti irin lọ. Ọkọ̀ tí ó bá fúyẹ́ kì í jẹ epo púpọ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré a sì lè tì í.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti lé ní 30 ọdún, èyí tí ó dàgbà jù sì ti tó 60 ọdún. Púpọ̀ nínú wọn ni ó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí odò àti adágún tí omi rẹ̀ kò ní iyọ̀. Ẹni tí ó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀sà tiwa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi yàtọ̀ sí omi. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọ inú ọ̀sà Èkó, a sì máa mú iyọ̀ wá. Nígbà tí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn a máa da omi wọn sínú rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì dínkù púpọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni yóò fara da méjèèjì láàrin ọdún kan. A ó rí i níwájú bí èyí ti kan ìtọ́jú rẹ̀.

ÌDÍ TÍ ALUMÍNÍỌ̀MÙ KÌ Í FI Í DÓGÙN-ÚN

Bí a bá ha ara alumíníọ̀mù, tí afẹ́fẹ́ sì kan ojú ibi tí a ha, lójú ẹsẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yóò bò ó. Awọ náà tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó le púpọ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi rí ìyókù rẹ̀ jẹ. Bí nǹkan bá tún ha á, awọ mìíràn yóò tún hù.

Afẹ́fẹ́ ni awọ yìí fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Níbi tí omi bá dúró sí tí afẹ́fẹ́ kò dé, awọ kò lè hù mọ́. Abẹ́ àpò tí ó tutù, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù tí omi ti mu, abẹ́ ẹrẹ̀ àti ewé tí ó jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, àárín pákó tútù àti páànù ọkọ̀: irú ibi wọ̀nyí ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun tí ó jọ èlùbọ́ láfún. Bí a bá nu ìyẹ̀fun náà kúrò, a ó rí ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Òmíràn kò jìn. Òmíràn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìta. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ni ó ń gbé.

Omi eérú líle, sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, àti sìmẹ́ǹtì tútù náà jẹ́ ọ̀tá awọ yìí. Ẹni tí ó bá ti da omi eérú líle sínú ìkòkò alumíníọ̀mù rí yóò ti rí bí ó ti ń hó tí ara ìkòkò sì ń dúdú. Nítorí náà, omi tí kò ní iyọ̀ àti ọṣẹ tí kò le ni kí a máa fi fọ ọkọ̀. Bí a bá sì wọ́ ọ sórí ilẹ̀, pákó gbígbẹ ni kí a fi gbé e dúró, kí ìdí rẹ̀ má ṣe kan ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́.

ALÁDÙÚGBÒ BÚBURÚ

Ọ̀tá kejì ni ó burú jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ wo bátìrì tọ́ọ̀ṣì irú ti àtijọ́. Agolo ìta rẹ̀ jẹ́ síǹkì. Igi dúdú kan wà láàrin rẹ̀. Oògùn tútù sì wà láàrin méjèèjì. Bí iná ti ń jáde láti inú bátìrì náà, bẹ́ẹ̀ ni síǹkì ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tí ó ti kú fi ń jò sínú tọ́ọ̀ṣì.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà tí irin oríṣi méjì bá fara kan ara wọn nínú omi, pàápàá omi iyọ̀. Wọ́n ti di bátìrì. Èyí tí ó rọ̀ nínú wọn ni a óò jẹ, èyí tí ó le yóò sì wà láìfarapa. Bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tí a tètè ń jẹ lọ sí orí èyí tí a kì í tètè jẹ, magnẹ́síọ̀mù ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà síǹkì, lẹ́yìn náà alumíníọ̀mù, lẹ́yìn náà irin dúdú, lẹ́yìn náà idẹ àti bàbà, àti irin sténlẹ́ẹ̀sì. Bí àyè méjì bá ti jìnnà sí ara wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ìjẹ náà ń yára tó.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé bàbà kì í ṣe ọ̀rẹ́ alumíníọ̀mù rárá. Bí kọ́bọ̀ bàbà kan, tàbí àgékù wáyà tí oníṣẹ́ iná gé dànù, bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí omi díẹ̀ wà, ó lè dá ihò lu sí abẹ́ ibi tí ó wà. Oníṣẹ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ alumíníọ̀mù gbọ́dọ̀ gbá gbogbo àgékù jáde kí ó tó lọ sílé. Bákan náà ni ẹnu omi tí a fi idẹ ṣe kò yẹ lára irú ọkọ̀ yìí. Ti ike líle tàbí ti alumíníọ̀mù ni ó yẹ.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn káfíńtà ń ṣe láìmọ̀. Bí pákó ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń gbé bá jẹrà, wọn a fi pákó tí a ti rẹ sínú oògùn ikán rọ́pò rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé yóò pẹ́. Bàbà ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí pákó náà bá tutù, bàbà yóò jáde sí ara alumíníọ̀mù, yóò sì jẹ ẹ́ láti inú. Pílaìwúùdù tí a ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, tí kò ní oògùn bàbà, tí a sì fi ọ̀dà epọ́sì kùn yí ká títí kan etí rẹ̀ àti inú gbogbo ihò rẹ̀, ni kí a lò.

Bí a kò bá lè ṣe kí a má lo bóòtù sténlẹ́ẹ̀sì, kí a fi wọ́ṣà ike tàbí rọ́bà sí àárín òun àti páànù ọkọ̀, kí a sì fi òróró líle tí a ṣe fún iṣẹ́ náà kun ìrìn rẹ̀, kí irin méjèèjì má ṣe fara kan ara wọn.

IRIN ÀÀBÒ

Nígbà tí a ti mọ̀ pé èyí tí ó rọ̀ jù ni a ń jẹ, ọgbọ́n tí àwọn akọkọ̀ dá ni láti so ohun tí ó tún rọ̀ ju alumíníọ̀mù lọ mọ́ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀ omi, kí ìjẹ lè bọ́ sí orí rẹ̀. Òun ni a ń pè ní irin ààbò níhìn-ín. A fi í síbẹ̀ kí a lè jẹ ẹ́ ni. Kò sí ohun tí a lè rà fún ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ni ó wà. Síǹkì yẹ fún omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n nínú omi tí kò ní iyọ̀, èèpá a máa bò ó, kì í sì í ṣiṣẹ́ mọ́. Magnẹ́síọ̀mù yẹ fún omi odò. Ṣùgbọ́n nínú omi iyọ̀ agbára rẹ̀ pọ̀ jù, a máa ṣí ọ̀dà kúrò lára ọkọ̀, ó sì lè pa alumíníọ̀mù náà lára. Oríṣi kẹta ni alumíníọ̀mù tí a fi nǹkan díẹ̀ lú kí ó lè tètè jẹ ju ti ara ọkọ̀ lọ. Èyí ń ṣiṣẹ́ nínú omi iyọ̀ àti nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ dínkù. Nítorí náà òun ni ó bá ọ̀sà wa mu jù, níbi tí omi ń yí padà láti ẹ̀ẹ̀rùn sí òjò. Ọkọ̀ tí ó ti odò Amẹ́ríkà wá lè ní magnẹ́síọ̀mù lára. Kí olówó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó sọ ọkọ̀ sínú omi iyọ̀.

Òfin mẹ́ta ni kí ẹ rántí. Èkínní, a kì í kun irin ààbò ní ọ̀dà, nítorí ohun tí omi kò kàn kò lè ṣiṣẹ́. Èkejì, ojú irin ààbò àti ojú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn ní mímọ́, láìsí ọ̀dà tàbí ẹ̀gbin láàrin. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ó bá ti jẹ dé ìdajì, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Irin ààbò tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí ó bá wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù tí kò dínkù rárá, kí olówó ọkọ̀ má ṣe yọ̀: bóyá kò fara kan ọkọ̀ dáadáa, ara ọkọ̀ ni a sì ń jẹ dípò rẹ̀. Bí ó bá sì tán láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná mànàmáná ni ó ń ṣáko nínú ọkọ̀ tàbí ní èbúté.

INÁ TÍ Ó ṢÁKO

Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ara ọkọ̀ ni wọ́n fi ń dá iná padà sí orí nẹ́gétífù bátìrì. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi alumíníọ̀mù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ náà jẹ́. Gbogbo ohun tí ń lo iná gbọ́dọ̀ ní wáyà méjì, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ máa fi ara ha ara ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí inú omi ni wáyà rẹ̀ máa ń wà.

Ọ̀nà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Kí a pa gbogbo ohun tí ń lo iná, kí a yọ wáyà pọ́sítífù kúrò lórí bátìrì, kí a sì fi mítà oníṣẹ́ iná wò ó bóyá ọ̀nà wà láàrin wáyà náà àti ara ọkọ̀. Bí mítà bá fi hàn pé ọ̀nà wà, kí a máa yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí èyí tí ó jẹ̀bi.

Bí a bá ń so ọkọ̀ mọ́ iná èbúté, wáyà ilẹ̀ a máa so ọkọ̀ wa pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò, àti mọ́ gbogbo irin tí ó wà nínú omi níbẹ̀. Irin ààbò tiwa yóò wá máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ lè fi sí ojú wáyà ilẹ̀ náà láti dí ọ̀nà yìí. Ẹ má ṣe gé wáyà ilẹ̀ dànù nítorí àtigba ọkọ̀ là, nítorí òun ni ó ń gba ènìyàn là. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí àgbà máa wẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ tí a so mọ́ iná èbúté. Iná tí ó bá jò sínú omi lè mú kí ara òmùwẹ̀ kú tipiri, kí ó sì rì láìké. Ewu náà sì pọ̀ jù nínú omi tí kò ní iyọ̀.

BÍ A ṢE Ń YẸ ỌKỌ̀ WÒ

Ọ̀dà tuntun lára ògbólógbòó ọkọ̀ dà bí àtíkè lójú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀, tàbí tí ó fẹ́ mọ bí tirẹ̀ ti rí, kí ó wọ́ ọ sórí ilẹ̀, kí ó ṣí pákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀, kí ó yọ kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù, kí ó sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ láti iwájú dé ìdí. Kí ó fi ìbọn òòlù onípákó kan ara ọkọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ibi tí ó le yóò dún ketekete, ibi tí a ti jẹ yóò dún bí ohun tí kò ní agbára. Ẹ̀rọ kan wà tí ń fi ìró wọn bí páànù ti nípọn tó láìlu ihò. Owó tí a bá san fún ẹni tí ó ní in kò ṣòfò.

Ibi tí ojú gbọ́dọ̀ pẹ́ sí jù ni abẹ́ tánkì epo, àyíká gbogbo bóòtù, ìdí tí ẹ́ńjìnnì wà, àti gbogbo ibi tí a ti jó irin pọ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti wú bí ara tí iná jó, kí a fi ọ̀bẹ ṣí i wò.

Láti mọ ibi tí ọkọ̀ tí a fi rífẹ́ẹ̀tì kàn ti ń jò, ẹ jẹ́ kí ìta rẹ̀ gbẹ dáadáa lórí ilẹ̀, kí ẹ da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi bá ti ń yọ. Ẹ má ṣe kún un ní àkúnjù, nítorí lítà omi kan wọn kílógíráàmù kan, ọkọ̀ tí ó wà lórí pákó kò sì ní omi tí yóò gbé ikùn rẹ̀ dúró.

ÀTÚNṢE

Ihò wẹẹrẹ tí kò jìn ni a lè fi epọ́sì dí, lẹ́yìn tí a bá ti ha ìyẹ̀fun funfun kúrò pátápátá dé ibi tí ó ń dán. Ihò tí ó jìn ju ìdajì nínípọn páànù lọ kì í ṣe iṣẹ́ epọ́sì mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Rífẹ́ẹ̀tì tí ó ti mì ni kí a lu jáde, kí a fi òmíràn tí ó nípọn bákan náà tàbí tí ó fi díẹ̀ nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Alumíníọ̀mù tí kò ní ihò láàrin ni kí ó jẹ́. Ènìyàn méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ọ̀kan yóò di irin wúwo mú mọ́ ìdí rífẹ́ẹ̀tì láti inú, èkejì yóò lù ú láti ìta. Kí a fi oje ìdíhò tí a ṣe fún ọkọ̀ ojú omi sí abẹ́ orí rẹ̀ kí a tó lù ú.

Bí páànù bá sán, kí a kọ́kọ́ lu ihò kékeré sí òpin ibi tí ó sán ní apá méjèèjì, kí sísán náà má baà máa rìn síwájú. Lẹ́yìn náà ni kí a wádìí ohun tí ó fà á. Púpọ̀ nígbà ni ó jẹ́ pé igi ẹgbẹ́ inú ọkọ̀ ti já, tàbí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n jù. Bí a kò bá wo ìdí rẹ̀ sàn, yóò tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a tún ṣe.

Páànù tí a bá fi lẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí a ń fi kan ọkọ̀ ojú omi. Nọ́ńbà rẹ̀ a máa jẹ́ 5052, 5083 tàbí 5086. Páànù ìbolé kò yẹ, èyí tí a yọ́ nínú àfọ́kù ẹ́ńjìnnì kò sì yẹ, nítorí ó lè ní bàbà nínú. Kí igun páànù ìlẹ̀ rí róbótó. Igun mímú ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ jíjó alumíníọ̀mù fún wẹ́dà tí kò ṣe é rí. Irin dúdú a máa pọ́n kí ó tó yọ́, ojú àgbẹ̀dẹ a sì mọ ìgbà tí ó tó. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bí ooru rẹ̀ bá ti tó ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, lójijì ni yóò yọ́ bọ́ sílẹ̀. Awọ tí ó wà lójú rẹ̀ kò sì ní yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2,000; nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì sténlẹ́ẹ̀sì tí a kò fi kan irin dúdú rí ha awọ náà kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ MIG tàbí TIG tí ń lo afẹ́fẹ́ ágọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣe é, irin ìjó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5356 sì bá ọ̀pọ̀ páànù ọkọ̀ mu. Ibi tí ó sún mọ́ ojú iṣẹ́ a máa rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí a máa jó ojú kan léraléra.

Kí wẹ́dà tó tan iná, a gbọ́dọ̀ gbé tánkì epo jáde, kí a yọ wáyà bátìrì méjèèjì, kí a kó fóòmù àti pákó kúrò lẹ́yìn ibi tí yóò jó, kí omi àti iyanrìn sì wà nítòsí. Tánkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí ooru epo ni ó ń bú gbàmù.

ỌDÀ KÍKÙN

Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù bí a kò bá tọ́jú ojú rẹ̀. Kí a fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán, kí a fọ òróró kúrò, kí a sì kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ epọ́sì ní ọjọ́ kan náà, kí awọ mìíràn tó nípọn. Ọ̀dà tí ó ní òjé kò yẹ fún un. Ọ̀dà ìdí ọkọ̀ tí ń lé ìsán àti kòkòrò omi sábà máa ń ní ìyẹ̀fun bàbà. Bí a bá fi irú èyí kun alumíníọ̀mù, a ti fi ọ̀tá rẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ. Kí ẹ ka ara agolo kí ẹ tó rà á. Èyí tí ó bá sọ pé ó yẹ fún alumíníọ̀mù nìkan ni kí ẹ lò. Ọ̀dà olóró tí a fi tánganran ṣe, tí àwọn olọ́kọ̀ alumíníọ̀mù ń lò nígbà kan, ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ti fi òfin dè láti ọdún 2008, nítorí ó ń pa ohun alààyè inú omi.

ẸPO ÀTI ÈÉFÍN

Nínú ọkọ̀ tí ó ní yàrá, ewu méjì wà tí kò sí nínú ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò lọ dúró sí, iná kékeré kan láti ara ẹ́ńjìnnì sì tó láti mú un gbiná. Kí awakọ̀ tan fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó kéré tán kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ewu kejì ni èéfín ẹ́ńjìnnì, tí olóró inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa àwọn tí ó sùn ti ẹ̀rọ amúnáwá tí wọn kò jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yàrá inú ọkọ̀ lè rí bí páìpù èéfín bá ti lu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

ÌLÀNÀ FÚN OLÓWÓ ỌKỌ̀

Lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan: ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ọkọ̀, ẹ fa omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ẹ sì ṣí fèrèsé rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Lóṣooṣù: ẹ wo irin ààbò, ẹ wo wáyà ẹ̀rọ ìfami, ẹ sì kó gbogbo ìdọ̀tí àti àgékù irin kúrò ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: ẹ wọ́ ọ sórí ilẹ̀, ẹ ṣí pákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀, ẹ wá ìyẹ̀fun funfun, ẹ sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe kí ẹ tó kun ọ̀dà. Nígbà gbogbo, ẹ̀wù ìléfòó gbọ́dọ̀ wà fún olúkúlùkù èrò, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté.

Ọkọ̀ alumíníọ̀mù tí a tọ́jú lè sin bàbá, kí ó sì sin ọmọ. Èyí tí a fi sílẹ̀ nítorí pé "kì í dógùn-ún" ni yóò dójú ti olówó rẹ̀ ní ibi tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.